Ẹyẹ la lọ wò létí òkun Àgbádárìgì nígbà ọyẹ́ yìí

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sì kú ọdún, ẹ̀mí wa á ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé nínú àlàáfíà. Ẹni tó bá mọ Ògbómọ̀ṣọ́ dáadáa mọ̀ pé ìparí ọdún nìlú máa ń kún, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà l'Ékòó, tó wà ní Jọ́ọ̀sì, títí kan àwọn tó wà ní Gánà, gbogbo wọn ló ń darí wálé, Tákíè ò ní gba ẹsẹ̀, Sábó ò ní gba mọ́tò. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ṣe la fi ìlú sílẹ̀ fún wọn, a kọrí sí ọ̀nà òkun, torí bọ̀dá mi tó ń gbé ní Àgbádárìgì ti ń bẹ̀ wá tipẹ́ pé ká kó àwọn ọmọ wá ṣe họ́lídé lọ́dọ̀ àwọn. Mi ò ní sọ̀rọ̀ ìrẹsì àti ẹran ọdún níbí o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó bọ̀dá mi tọ́jú wa gan-an, Ọlọ́run á bá mi san án fún wọn. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni mo fẹ́ sọ. Báyọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún wọn pé nígbà tí òtútù bá mú lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, etí omi tiwa làwọn ẹyẹ wọn ń wá, àmọ́ kéèyàn sọ ọ́ ní kíláàsì yàtọ̀ sí kó fi ojú ara rẹ̀ rí i, kí àwọn ọmọ tó bí nínú náà rí i.

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé a ti gbà fún àwọn òyìnbó jù. Ẹ ṣí ìwé ẹyẹ wọn, ẹ máa rí ẹyẹ kan tí wọ́n yà sínú yìnyín, wọ́n á ní ẹyẹ Greenland ni, ẹyẹ Iceland ni, ẹyẹ Norway ni, bẹ́ẹ̀ ẹyẹ yìí kan náà, ọ̀dọ̀ wa ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún. Kò yà kí wa lásán. Ibí ló ń gbé.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Lókè lọ́hùn-ún ní àríwá ayé, bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń lọ sópin, ọjọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, ilẹ̀ á dì gbagidi, ẹrẹ̀ tí ẹyẹ ti ń wá kòkòrò jẹ á di yìnyín, láwọn ibì kan oòrùn ò tiẹ̀ ní yọ mọ́ rárá fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹyẹ tó bá jókòó síbẹ̀, ebi ló máa pa á. Torí náà wọ́n á gbéra, wọ́n á tẹ̀lé etíkun Yúróòpù bọ̀, wọ́n á gba Mòrókò, Mọriténíà, Sẹ̀nẹ̀gà, títí wọ́n á fi dé ọ̀dọ̀ wa, òmíì ò tiẹ̀ ní dúró, á gba iwájú wa kọjá lọ sí Àǹgólà àti Gúúsù Áfíríkà. East Atlantic Flyway làwọn onímọ̀ ń pe ọ̀nà yẹn. Láti oṣù kẹjọ làwọn tó máa kọ́kọ́ dé ti ń dé, wọn ò sì ní tú lọ títí oṣù kẹta, oṣù kẹrin. Àwọn ọ̀dọ́ inú wọn tí wọn ò tíì tó yé ẹyin, òmíì kì í padà lọ rárá lọ́dún àkọ́kọ́, á kúkú bá wa lo òjò lo ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wá ṣírò ẹ̀. Ẹyẹ tó lọ síbi yìnyín, oṣù kẹfà sí ìkeje ló fi ń yé ẹyin tó fi ń pamọ, kí oṣù kẹjọ tó parí ó ti ń bọ̀ lọ́nà. Oṣù mélòó ló wá lò níbẹ̀, mélòó ló lò níbí? Èèyàn tó bá ń gbé ìgbé ayé bẹ́ẹ̀, ibo lẹ máa sọ pé ilé ẹ̀ wà?

A kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, ọyẹ́ bo gbogbo ọ̀nà, iná mọ́tò tó ń bọ̀ níwájú nìkan lèèyàn ń rí, Bàbá Ìbejì ń rọra wà á jẹ́jẹ́, màmá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níwájú, wọ́n fi aṣọ òkè bora. Ilẹ̀ mọ́ bá wa kí a tó wọ Ọ̀yọ́, ìgbà yẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í rí lékeléke lẹ́yìn àwọn màlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, funfun báláú nínú gbogbo eruku yẹn. Màmá bá ní kí àwọn ọmọ na ìka wọn síta, kí wọ́n máa jù ú sí lékeléke kó lè fún wọn léèékánná funfun, wọ́n ní báwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn láyé àwọn ní kékeré, wọ́n á dúró lójú àgbàlá, wọ́n á máa na ọwọ́ sókè bí ọ̀wọ́ lékeléke bá ń kọjá lọ ibùsùn nírọ̀lẹ́. Táyé àti Kẹ́hìndé rò pé àwọn ti dàgbà jùyẹn lọ, Ìdòwú ni tiẹ̀ ò dáwọ́ dúró títí a fi dé Ìbàdàn, ó ń na ọwọ́, ó ń wo èékánná. Màmá ní lékeléke làwọn fi ń mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé. Òótọ́ sì ni, torí arìnrìn-àjò lòun náà, bí òjò bá ti rọlẹ̀ á gba apá òkè ọya lọ, bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá ti ń gbẹ á tún sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Ẹyẹ tó ń ṣí kiri kò ṣàjèjì sí wa rárá, àwọn ìyá wa ti ń fi ojú bá a lọ kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìwé nípa ẹ̀.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà Èkó gùn yín lágara. A dé, a sùn.

Fún ẹni tí kò débẹ̀ rí, etí ọ̀sà ni ìlú Àgbádárìgì gan-an wà, òkun ńlá wà ní òdìkejì, ọkọ̀ ojú omi lèèyàn máa wọ̀ sọdá sí Gbẹ̀rẹ̀fú, á wá fẹsẹ̀ rìn la inú iyanrìn àti oko àgbọn já sí etí òkun. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n kó àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀ nígbà náà, àwọn ọmọ sì béèrè ọ̀pọ̀ ìbéèrè nípa ẹ̀, a dá wọn lóhùn bó ṣe yẹ. A ti kọ́kọ́ lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1845. Ṣùgbọ́n kí a tó wọ ọkọ̀ pàápàá ni ẹyẹ ti dá wa dúró. Ẹyẹ kan wà tó ń pẹja, dúdú àti funfun ni gbogbo ara ẹ̀, wọ́n ń pè é ní Pied Kingfisher. Ó fò síwájú èbúté níbẹ̀, ó dúró sójú kan lófuurufú, ó ń lu ìyẹ́ kíkankíkan, ó dorí kodò, ẹnu ẹ̀ gígùn kọ sí omi, kò yẹ̀ sọ́tùn-ún kò yẹ̀ sósì, lẹ́ẹ̀kan náà ó já ṣòòròṣò sínú omi, pàà! Ó jáde pẹ̀lú ẹja kékeré kan. Ọ̀dọ̀ wa lẹyẹ yìí ń gbé lójoojúmọ́ ayé, kì í lọ ibì kankan. Mo fún Kẹ́hìndé ní binoculars, mo ní kó wo àyà ẹ̀ dáadáa, ó wò ó títí, ó ní, "Mọ́mì, èyí ní ìlà dúdú méjì láyà, èyí tó wà lórí igi lọ́hùn-ún, ẹyọ kan ló ní, ó tún já láàárín." Mo ní o ṣeun, akọ ló ní méjì, abo ló ní ẹyọ kan tó já. Inú ọmọ yẹn dùn, láti ìgbà yẹn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di binoculars náà mú pẹ́.

Lórí ewé tó bo ojú ọ̀sà, a tún rí Jacana, ẹyẹ aláwọ̀ pupa rúsúrúsú tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn kọjá àlà, ìyẹn ló fi ń rìn lórí ewé láìrì. Nígbà tí mo sọ fún màmá pé bí abo ẹ̀ bá ti yé ẹyin tán, akọ ló máa sàba, tó máa tọ́mọ, tó tún máa ń fi ìyẹ́ gbé àwọn ọmọ mọ́ra tí ewu bá dé, màmá pariwo, "Ọkọ ẹ̀ ni?" Wọ́n bojú wo Bàbá Ìbejì, wọ́n ní, "Ẹ ò rí ẹyẹ tó mọṣẹ́." Gbogbo ọkọ̀ ló rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ etí òkun gan-an lọ̀rọ̀ wà.

A jókòó sábẹ́ igi àgbọn, oòrùn wà lẹ́yìn wa, òkun ń fà sẹ́yìn. Fún ìgbà díẹ̀ èèyàn ò ní rí nǹkankan ju iyanrìn àti ìfófòó lọ, ó dìgbà tí ojú bá balẹ̀. Táyé ló kọ́kọ́ rí wọn, ó ní nǹkan ń sáré létí omi. Sanderling ni wọ́n. Ẹ̀yìn wọn ní àwọ̀ eérú, ikùn wọn funfun nini, ẹnu àti ẹsẹ̀ wọn dúdú kirikiri. Bí ìgbì bá fà sẹ́yìn, gbogbo wọn á sáré tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ wọn á yá débi pé ojú ò ní lè yà á sọ́tọ̀, wọ́n á máa gún iyanrìn tútù yẹn, wọ́n á gún un, gún un, wọ́n ń wá àwọn ekòló àti kòkòrò omi wẹẹrẹ tí ìgbì ṣí sílẹ̀, bí ìgbì míì bá ti ń bọ̀ wọ́n á ṣẹ́rí padà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sá gòkè, omi ò ní kàn wọ́n, ó kù díẹ̀ kó kàn wọ́n ni ṣá, wọ́n á tún yí padà. Báyẹn, báyẹn, láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Ìdòwú dìde, ó ń bá wọn sá lókèèrè, bí wọ́n ti ń sọ̀ lòun náà ń sọ̀.

Nígbà tí wọ́n ti sún síwájú díẹ̀, mo mú àwọn ọmọ lọ wo ojú ẹsẹ̀ wọn kí omi tó pa á rẹ́. Ìlà mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ kọjú síwájú. Ọmọ tó bá ti wo ẹsẹ̀ adìẹ rí mọ̀ pé ó ní ìka kan lẹ́yìn, ẹyẹ létí omi tó pọ̀ ló ní in, Sanderling ò ní. Àwọn onímọ̀ ní ìyẹn ló jẹ́ kó lè máa sáré báyẹn lórí iyanrìn. Àwọn ọmọ kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, wọ́n ń fi ọwọ́ tọ ojú ẹsẹ̀ yẹn, èmi náà kúnlẹ̀.

Ẹyẹ tí mò ń wí yìí, tí wọ́n bá gbé e sórí òṣùwọ̀n, ìwọ̀n ẹyin adìẹ kan péré ni. Ibi tó ti ń yé ẹyin jìnnà sókè débi pé igi kì í hù níbẹ̀, Greenland, Kánádà lókè pátápátá, àti apá àríwá Rọ́ṣíà. Ó fi ìwọ̀n ẹyin adìẹ kan rìn láti ibẹ̀ dé Gbẹ̀rẹ̀fú, ó sì tún máa padà. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún màmá, wọ́n dákẹ́, wọ́n wò wọ́n títí, wọ́n wá ní, "Ta ló ń júwe ọ̀nà fún wọn?" Mo sọ ohun tí a mọ̀, pé oòrùn, ìràwọ̀, pé ayé fúnra ẹ̀ ní agbára kan tó ń fa irin tí àwọn ẹyẹ máa ń mọ̀ lára. Màmá ní, "Ọlọ́run ni." Mi ò bá wọn jiyàn.

Àwọn onímọ̀ máa ń fi òrùka aláwọ̀ sẹ́sẹ̀ òmíì nínú wọn, ẹni tó bá rí i kàn máa kọ àwọ̀ àti bí wọ́n ṣe tò sílẹ̀, á ya fọ́tò tó bá ṣeé ṣe, á fi ránṣẹ́, àwọn tó fi í sí i á sì mọ̀ pé ẹyẹ àwọn wà láyé, wọ́n á mọ ibi tó dé. Ìbejì wo ẹsẹ̀ gbogbo àwọn tó súnmọ́ wa, a ò rí òrùka kankan, ṣùgbọ́n ìwòran yẹn fúnra ẹ̀ jẹ́ kí wọ́n mọ ẹyẹ náà ju bí mo ṣe lè kọ́ wọn lọ.

Lápá òsì wa, àwọn apẹja ń fa àwọ̀n ńlá bọ̀ láti inú òkun, èèyàn pọ̀ nídìí okùn, wọ́n ń fi orin Ègùn gbè é, Bàbá Ìbejì lọ bá wọn fà. Bí àwọ̀n ṣe ń súnmọ́ ilẹ̀ làwọn tern ń pọ̀ sí i lókè ẹ̀. Tern, ẹyẹ funfun ni, ìyẹ́ ẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìrù ẹ̀ pín sí méjì, bó bá rí ẹja á di ìyẹ́ mọ́ra, á já bọ́ láti òkè. Oríṣi méjì la rí tó dá mi lójú. Èkíní, ẹnu ẹ̀ dúdú, ṣóńṣó ẹnu yẹn wá ní àwọ̀ yẹ́lò díẹ̀, Sandwich Tern nìyẹn, láti Yúróòpù ló ti wá. Èkejì tóbi jù ú lọ, ẹnu ẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn, ọmọ Áfíríkà tiwa ni, àwọn erékùṣù inú òkun ní Mọriténíà àti Sẹ̀nẹ̀gà ló ti ń yé ẹyin. Inú mi dùn sí i pé àlejò àti onílé ń jẹun pọ̀ lójú àwọ̀n kan. Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó ti okùn sọ fún wa pé àwọn ẹyẹ yẹn lojú àwọn, kí àwọn tó ti ọkọ̀ sómi lówùúrọ̀ àwọn á kọ́kọ́ wòkè, ibi tí wọ́n bá ti ń já bọ́, ibẹ̀ lẹja wà. Bàbá yẹn ò ka ìwé ẹyẹ kankan, àmọ́ wọ́n mọ èyí tó máa ń wà títí ọdún àti èyí tó jẹ́ pé bí òjò bá ti ń ṣú a ò ní rí i mọ́. Mo kọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ sínú fóònù mi.

Ká tó padà sọdá, bọ̀dá mi mú wa gba apá ibi tí ẹrẹ̀ wà létí ọ̀sà, níbi tí igi mangrove ti ń ti gbòǹgbò bọ inú omi. Ibẹ̀ la ti rí Whimbrel. Ó tóbi ju ẹyẹlé lọ díẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn, ẹnu ẹ̀ gùn ó sì tẹ̀ wá sílẹ̀, orí ẹ̀ ní ilà dúdú méjì pẹ̀lú funfun láàárín. Akàn ló ń jẹ. Ó ń rìn jẹ́jẹ́ láàárín ihò akàn, ó dúró, ó ti ẹnu tó tẹ̀ yẹn bọ ihò, ó fa akàn kan jáde, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbọ̀n ọ́n títí ẹsẹ̀ akàn fi já dànù, ó wá gbé ìyókù mì. Ẹnu tó tẹ̀ yẹn bá ihò akàn mu rẹ́gí, ẹni bá rí i á gbà. Nígbà tó fò, ó súfèé, súfèé kúkúrú kúkúrú tó tẹ̀ léra wọn kíákíá, ó lọ bí méje, ìró yẹn ṣì wà létí mi.

Ẹ gbọ́ èyí o. Àwọn onímọ̀ so ẹ̀rọ kékeré mọ́ àwọn Whimbrel kan ní Iceland, wọ́n fi tọpa wọn, ni wọ́n bá rí i pé wọ́n gbéra níbẹ̀, wọ́n fò tààrà la òkun Àtìláńtíìkì kọjá wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn kan rin ju 4,000 kìlómítà lọ láìbalẹ̀, ó gbà wọ́n tó bí ọjọ́ márùn-ún. Kì í ṣe pẹ́pẹ́yẹ tó lè bà sórí omi sinmi o, bó bá bà sínú òkun ó parí. Tọ̀sán-tòru ló ń fò. Ibi tó ń sá bọ̀ náà ni ẹrẹ̀ yìí, ẹrẹ̀ tó ń rùn, tí àwa ń gbé imú kọjá níbẹ̀, tí òmíì nínú wa ń wò ó pé ilẹ̀ ṣòfò ni, ká fi iyanrìn dí i ká kọ́lé.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dọ́kàn. Mo rí ibi tí wọ́n ti gé mangrove fún igi ìdáná, mo rí ibi tí wọ́n ti ń fa iyanrìn, mo rí nylon pure water tó lọ́ mọ́ gbòǹgbò, àjákù àwọ̀n náà wà níbẹ̀, èyí tí ẹsẹ̀ ẹyẹ lè há sí. Mi ò bá ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ jà. Ṣùgbọ́n bí ẹrẹ̀ bá lọ, akàn lọ, bí akàn bá lọ, ẹyẹ tó fò láti ìhà kejì ayé máa dé bá ilé òfìfo, ẹja wẹẹrẹ tó ń dàgbà nídìí gbòǹgbò yẹn náà á lọ, bàbá apẹja yẹn á wòkè kò ní rí nǹkankan. Ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà àti Yúróòpù ti jọ ṣe àdéhùn lórí àwọn ẹyẹ omi tó ń ṣí kiri yìí láti 1995, orúkọ ẹ̀ ń jẹ́ AEWA, Nàìjíríà sì wà nínú ẹ̀. Ìwé àdéhùn dára, àmọ́ etí ọ̀sà ni iṣẹ́ wà.

Nǹkan kan tún wà tí gbogbo wa lè ṣe tí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ má lé wọn. Mo rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń sáré ọ̀kadà gba àárín wọn fún fọ́tò, mo rí òbí tó ń ti ọmọ pé "lọ lé e, lọ lé e". Ẹyẹ tó bá ń fò sókè ní gbogbo ìgbà ń jó ọ̀rá tó yẹ kó fi pamọ́. Tó bá ń súnmọ́ ìgbà tí wọ́n máa padà, àwọn Sanderling kan á jẹun débi pé ìwọ̀n wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ọ̀rá yẹn ni epo mọ́tò wọn, ẹyẹ tí wọn ò jẹ́ kó jẹun kánú ò ní dé ibi tó ń lọ. Èèyàn tó jókòó jẹ́jẹ́ gan-an ló máa rí jù, torí bí o bá jókòó, àwọn fúnra wọn máa sáré wá sọ́dọ̀ ẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ láàárọ̀ tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin, ẹ jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn yín, bí ẹ bá kọjú sí i dúdú dúdú lẹ máa rí gbogbo ẹyẹ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja ìgbà tí omi máa fà, torí ìgbà tí iyanrìn àti ẹrẹ̀ bá ṣí sílẹ̀ ni wọ́n ń jẹun, bí omi bá kún tán wọ́n á kó ara wọn jọ síbì kan, wọ́n á kọjú sí atẹ́gùn, wọ́n á sùn. Aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ sàn ju funfun lọ. Kò dìgbà tí ẹ bá ra binoculars olówó ńlá, tọ́kúnbọ̀ ni tèmi. Lórí fóònù, eBird tí a fi ń kọ ẹyẹ tí a rí sílẹ̀ àti Merlin tó ń báni dá ẹyẹ mọ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ dáwọn lóódù kí ẹ tó kúrò nílé torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì etí òkun ò ṣeé gbójú lé. Lórí ọkọ̀ ojú omi, ẹ wọ life jacket fún gbogbo ọmọ, ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ tí kò ní in, ẹ má wọ tiẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan wọ inú òkun yẹn lọ wẹ̀ o, ìgbì ibẹ̀ ń fà, òmùwẹ̀ ní í bómi lọ.

Nírọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a ń padà, bọ̀dá mi pè mí síta pé àwòdì kan wà lórí igi tí wọ́n rì mọ́ inú ọ̀sà fún ẹja. Mo wò ó, ikùn ẹ̀ funfun, ilà dúdú gba ojú ẹ̀ kọjá. Mo ní, "Bọ̀dá, Osprey lẹ rí yẹn." Ẹja nìkan ló ń jẹ, apá àríwá Yúróòpù ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa ti ń pamọ. Ó gbéra, ó yípo, ó ti ẹsẹ̀ síwájú já sínú omi, omi bò ó mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó jáde pẹ̀lú ẹja tó tóbi, ó gbọn omi dànù, nígbà tó fò gba orí wa kọjá a rí i pé ó ti yí ẹja náà, orí ẹja ló wà níwájú, ìrù wà lẹ́yìn, kí atẹ́gùn má bàa dí i lọ́wọ́. Bọ̀dá mi tó ti ń gbé ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá ní àwọn ò wo ẹyẹ yẹn lẹ́ẹ̀mejì rí. Wọ́n ti wá ń fi fọ́tò ẹyẹ ránṣẹ́ sí mi báyìí láràárọ̀.

Nígbà tí a padà délé, ojú àwọn ọmọ ti yàtọ̀. Ẹni tí kò lè lọ Àgbádárìgì, ẹ má rò pé kò sí tiyín. Lórí pápá bọ́ọ̀lù ilé ìwé wa níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ẹyẹ kéékèèké kan wà lórí koríko gbígbẹ lásìkò ọyẹ́, ikùn wọn yẹ́lò, wọ́n ń ju ìrù sókè sódò, wọ́n tún máa ń tẹ̀ lé màlúù. Yellow Wagtail ni, ará Yúróòpù lòun náà. Létí omi dáàmù Ọbà, ẹ wo Common Sandpiper, ìdí ẹ̀ kì í dúró, ó ń mì ín sókè sódò bó ti ń rìn. Ẹ wo orí wáyà iná nírọ̀lẹ́, gbogbo alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó wà níbẹ̀ kọ́ ló jẹ́ ará ilé, àwọn kan wà tí ọ̀fun wọn pupa tí ìrù wọn gùn, tó jẹ́ pé ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ti wá, irú wọn ló ń kóra jọ ní Ẹbbaken-Boje lápá Cross River, àwọn onímọ̀ ní wọ́n máa ń tó mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ tó ń sùn sínú koríko lórí òkè yẹn. Fún ẹni tó ní mọ́tò, Old Oyo National Park wà, ọ́fíìsì wọn wà nínú ìlú Ọ̀yọ́ níbí, adágún Ìkẹ́rẹ́ lórí Odò Ògùn sì wà nínú ètò ibẹ̀, omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, ẹyẹ ò lè máà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wà l'Ékòó, Lekki Conservation Centre ò jìnnà sí i, Nigerian Conservation Foundation ló dá a sílẹ̀ ní 1990.

Oṣù kìíní ọdọọdún ni wọ́n ń ka ẹyẹ omi káàkiri àgbáyé, láti 1967 ni wọ́n ti ń ṣe é, àwọn ará Wetlands International ló ń kó o jọ. Mo ti bá ọ̀gá ilé ìwé wa sọ̀rọ̀ pé kí àwọn ọmọ kíláàsì mi wá sí etí dáàmù láàárọ̀ Sátidé kan, kí wọ́n ka ohun tí wọ́n bá rí, kí a fi sórí eBird. Ọ̀gá ti gbà. Táyé àti Kẹ́hìndé ni wọ́n máa kọ́ àwọn tó kù bí wọ́n ṣe ń di binoculars mú.

Bọ̀dá mi ní ká tún wá ní ìsinmi Àjíǹde. Mo ní kó jẹ́ ìparí oṣù kẹta ni, kó má pẹ́ jùyẹn lọ, torí ìgbà yẹn ni ìyẹ́ àwọn Sanderling tó jẹ́ eérú àti funfun máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, orí wọn àti àyà wọn á di pupa rẹ́súrẹ́sú bí wọ́n ṣe ń múra àtilọ. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ rí i kí wọ́n tó gbéra. Bàbá Ìbejì ní kò burú, pé kí n kàn jẹ́ kí àwọn tún táyà mọ́tò ṣe kó tó dìgbà náà.